Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò jí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbé Windows sórí háàdì tuntun

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àtúnṣe kan tó ń dùn mọ́ ẹni tó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ nínú bíi pé kó yọ háàdì àtijọ́ tó ń wọ́ bí ìgbín kúrò, kó sì fi háàdì ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní SSD rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ti máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó jí yóò wá máa jí wàrà. Láti ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí iléeṣẹ́ Microsoft sì ti fòpin sí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10, yàtọ̀ sí ti àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò, ìdí tún ti wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti fi Windows mìíràn sórí ẹ̀rọ wọn. Bí wọ́n bá sì ti fẹ́ ṣe é, wọn a kúkú pa á pọ̀ mọ́ háàdì pípààrọ̀.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà tó sábà máa ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ náà. Wọn yóò fi Windows sórí SSD tuntun láìsí ìṣòro, háàdì àtijọ́ yóò ṣì wà nínú ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan yóò sì máa lọ déédéé fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọjọ́ tí onítọ̀hún bá wá yọ háàdì àtijọ́ náà kúrò, tó tà á, tàbí tó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ tí kò ní í jí mọ́. Ojú rẹ̀ yóò dúdú, "No bootable device" tàbí "Operating System not found" yóò sì hàn níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ náà wá Windows títí, kò rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gba ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ì báà jẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ni pé kó jẹ́ kí wọ́n fọ́ọ̀mátì ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbà, iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi odidi ọdún kan kọ, ìwé ìṣirò gbèsè àwọn oníbàárà, àwòrán òbí tó ti dolóògbé, gbogbo rẹ̀ lè bá a lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí bíbẹ́ sì kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bó bá jẹ́ pé yíyọ tí wọ́n yọ háàdì àtijọ́ ló fa ọ̀rọ̀ náà, kò sí nǹkan kan tó ṣe fáìlì, kò sí nǹkan tó ṣe Windows fúnra rẹ̀. Fáìlì kékeré tó ń jí Windows ni kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Kí èyí tó lè yéni, ó yẹ kéèyàn mọ̀ pé kì í ṣe Windows ló ń kọ́kọ́ jí nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ètò kékeré kan wà tí wọ́n ti kọ mọ́ inú motherboard, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ so mọ́. Òun ló ń kọ́kọ́ lajú, tó ń yẹ ara ẹ̀rọ wò, tó sì ń wá ẹni tí yóò fa iṣẹ́ lé lọ́wọ́. BIOS ni orúkọ rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ó sì ti wà láti ìgbà tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. UEFI ló gba ipò rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tuntun. Àjọ tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà dá sílẹ̀ lọ́dún 2005 ló ń ṣe àkóso ìlànà rẹ̀, ìgbà tí Windows 8 sì jáde lọ́dún 2012 ló wá gbilẹ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká.

Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà wá Windows yàtọ̀ síra. BIOS yóò lọ tààrà sí ibẹ̀rẹ̀ pátápátá lórí háàdì, yóò ka báìtì 512 tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní MBR. Àyè náà kéré débi pé ìpínrọ̀ yìí fúnra rẹ̀ kò lè gba ibẹ̀, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n kọ bí wọ́n ṣe pín háàdì náà sí, àti bí ẹ̀rọ yóò ṣe tẹ̀ síwájú. Ìdí nìyẹn tí MBR kò fi lè lo háàdì tó bá ju nǹkan bíi terabáìtì méjì lọ tán, tí kò sì lè ní ju ìpín gidi mẹ́rin lọ. Ní ti UEFI, ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní GPT ló ń bá rìn, ìpín kékeré kan tó fara pamọ́ ló sì ń wá, EFI System Partition lorúkọ rẹ̀. Windows sábà máa ń fún ìpín yìí ní megabáìtì 100 péré. Kì í ní lẹ́tà bíi C: tàbí D:, nítorí náà èèyàn lè lo kọ̀ǹpútà fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Inú rẹ̀ ni fáìlì tó ń jẹ́ bootmgfw.efi wà, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BCD, èyí tí Microsoft ti ń lò láti ìgbà Windows Vista.

Bíi mẹ́gáàdì ni fáìlì yìí rí: òun ló mọ yàrá tí onílé sùn sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà. Bí wọ́n bá ń fi Windows sórí ẹ̀rọ tó ní háàdì méjì nínú, ètò ìfisórí náà yóò wò ó bóyá ìpín EFI kan ti wà nílẹ̀. Bó bá rí ọ̀kan lórí háàdì àtijọ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń gbé mẹ́gáàdì sí, kì í dá òmíràn sílẹ̀ lórí èyí tuntun. Onílé wá ti kó lọ sí ilé tuntun, ilé àtijọ́ ni mẹ́gáàdì àti kọ́kọ́rọ́ wà. Níwọ̀n ìgbà tí ilé méjèèjì bá ṣì wà nínú ọgbà kan náà, kò sẹ́ni tí yóò fura.

Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lè dènà gbogbo èyí pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó pa ẹ̀rọ, kó yọ háàdì àtijọ́ kúrò tàbí kó já wáyà rẹ̀, kó jẹ́ pé SSD tuntun nìkan ni yóò kù nínú ẹ̀rọ kó tó fi Windows sí i. Bí Windows kò bá ti rí háàdì mìíràn, kò sí ibòmíràn tó lè gbé mẹ́gáàdì sí. Lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti dúró dáadáa ni kó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá háàdì àtijọ́ padà láti kó fáìlì rẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ló rọrùn jù, òun náà sì ni wọ́n ń fò jù, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ tú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ẹni tó ti kó sínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kó dá háàdì àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ, bó bá ṣì wà. Bí kọ̀ǹpútà bá jí, ọ̀rọ̀ ti yanjú dé ìdajì. Kó kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì tó ṣe pàtàkì kọ sórí fíláàṣì tàbí háàdì àgbékiri. Lẹ́yìn náà, kó ṣí Disk Management, kó wo háàdì tí wọ́n kọ "EFI System Partition" sí. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ nìkan ló ní in, àrùn náà ti fojú hàn.

Fíláàṣì tó tó gígábáìtì 8, tí wọ́n ti fi ètò ìfisórí Windows sí láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ni wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe rẹ̀. Kí bátìrì ẹ̀rọ kún dáadáa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí iná tó bá lọ lójijì nígbà tí wọ́n ń pín háàdì lọ́wọ́ lè sọ àtúnṣe di ìbàjẹ́. Wọn yóò ki fíláàṣì bọ ẹ̀rọ, wọn yóò tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé àkójọ ibi ìjí jáde bí ẹ̀rọ bá ṣe ń tàn: F12 lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, F9 lórí ọ̀pọ̀ HP. Nígbà tí ètò Windows bá ti hàn, kí wọ́n má ṣe tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi Windows tuntun sí i. Shift pẹ̀lú F10 ni kí wọ́n tẹ̀ pọ̀, ojú dúdú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ yóò sì ṣí. Àṣẹ méjì yìí ni yóò ṣáájú:

diskpart
list disk

Ẹ̀rọ yóò to àwọn háàdì sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ìwọ̀n yìí ni wọn yóò fi dá SSD tuntun mọ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá àmì ìràwọ̀ wà lábẹ́ "Gpt" níwájú rẹ̀. Bó bá wà, tó sì jẹ́ pé Disk 1 ni SSD náà, tí Windows sì wà ní ìpín kejì rẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ tẹ̀ lé e nìyí:

select disk 1
list partition
select partition 2
shrink desired=300
create partition efi size=260
format quick fs=fat32
assign letter=S
list volume
exit

Nọ́ńbà inú àpẹẹrẹ yìí lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ohun tí list disk àti list partition bá fi hàn ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ohun tí àwọn àṣẹ náà ṣe ni pé wọ́n bu àyè díẹ̀ lára ìpín Windows láìfọwọ́ kan fáìlì, wọ́n sì fi kọ́ ilé kékeré fún mẹ́gáàdì. Àṣẹ kan wà nínú diskpart tó ń jẹ́ clean, tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí rárá. Kì í bi èèyàn léèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ń pa àkọsílẹ̀ gbogbo ìpín orí háàdì rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó ku kí wọ́n gbé mẹ́gáàdì dé. Kí wọ́n ṣọ́ra níbí, nítorí lẹ́tà tí Windows ń jẹ́ lójoojúmọ́ lè yí padà nígbà tí wọ́n bá jí ẹ̀rọ láti orí fíláàṣì; ohun tó jẹ́ C: tẹ́lẹ̀ lè di D:. Ohun tí list volume bá sọ ni kí wọ́n gbà. Bó bá jẹ́ D:, kí wọ́n kọ ọ́ báyìí:

bcdboot D:\Windows /s S: /f UEFI

Bí "Boot files successfully created" bá jáde, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ fíláàṣì àti háàdì àtijọ́, kí wọ́n sì tàn án.

Ẹ̀rọ tó ti dàgbà, tó jẹ́ pé BIOS àti MBR ló ń lò, kò nílò ìpín EFI. Wọn yóò yan ìpín Windows nínú diskpart, wọn yóò kọ active, wọn yóò jáde, wọn yóò sì kọ bcdboot D:\Windows /s D: /f BIOS, kí wọ́n tó fi bootsect /nt60 D: /mbr parí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti jí ni mẹ́gáàdì sọnù o. Nígbà mìíràn, ó wà níbẹ̀, UEFI ni kò pè é. Inú motherboard ni àkójọ orúkọ àwọn tó yẹ kó jí wà, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ háàdì, orúkọ ti àtijọ́ lè ṣì wà lókè. Kí wọ́n wọ inú rẹ̀, kí wọ́n gbé "Windows Boot Manager" sókè. Àwọn tòkunbọ̀ tún ní ìṣòro tiwọn: bátìrì róbótó kékeré tó wà lórí motherboard ti lè kú, gbogbo ètò yóò wá máa padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹ̀rọ náà jáde. Ẹni tó bá rí i pé ọjọ́ àti àkókò orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í bára mu mọ́, kó fura sí bátìrì yẹn. Bó sì jẹ́ pé "INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE" ló hàn lójú búlúù, Windows ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí, kò rí ọ̀nà bá háàdì sọ̀rọ̀ ni. Èyí sábà máa ń wáyé bí ẹnì kan bá ti yí AHCI sí RAID, tàbí RAID sí AHCI, nínú BIOS. Kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà.

Ohun kan wà tó tún lè gba fáìlì lọ́wọ́ èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n fọ́ọ̀mátì, ìyẹn ni BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti háàdì. Láti ìgbà Windows 11 ẹ̀dà 24H2, tó jáde lọ́dún 2024, lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi ẹ̀dà yìí sí lákọ̀tun, tí wọ́n sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé, Windows fúnra rẹ̀ ló ń ti háàdì náà, láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Bí wọ́n bá wá fọwọ́ kan ètò UEFI tàbí bí wọ́n ṣe ń jí ẹ̀rọ, yóò béèrè nọ́ńbà ìṣílẹ̀kùn tó jẹ́ díjíìtì 48. Àkáǹtì Microsoft onítọ̀hún ló sábà máa ń wà, kó sì wá a síbẹ̀, kó kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fi ìdè-ìṣó kan ẹ̀rọ náà. Bí nọ́ńbà yẹn bá sọnù, kò sí ẹnjiníà kankan ní Computer Village, Ìkẹjà, tó lè ṣí i, Microsoft pàápàá kò lè ṣe é.

Àwọn tó ń lo Linux bíi Ubuntu kò bọ́ nínú irú ewu yìí. Ètò ìfisórí Ubuntu náà ti máa ń gbé GRUB, tó jẹ́ mẹ́gáàdì tirẹ̀, sórí ìpín EFI àkọ́kọ́ tó bá rí. Ẹni tó bá wá pa ìpín Ubuntu rẹ́ láti inú Windows lè bá "grub rescue>" pàdé nígbà tó bá tún tan ẹ̀rọ. Lórí ẹ̀rọ UEFI, ó sábà máa ń tó kó yan "Windows Boot Manager" nínú àkójọ ibi ìjí.

Bí UEFI kò bá rí háàdì náà rárá, tàbí tí háàdì àtijọ́ náà ń ró kẹ́kẹ́kẹ́, kò sí àṣẹ kankan nínú èyí tí wọ́n kọ sókè yìí tó kàn án. Ara háàdì ni àrùn wà. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe máa tàn án léraléra, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa kíkó fáìlì jáde lára háàdì tó ń kú lọ, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ Windows.