Ta Ló Ń Pọnmi, Ta Ló Ń Kọ Ìwé Omi? Obìnrin, Ẹ̀kọ́ àti Àbójútó Àyíká láti Ojú Jíbówú

Ẹni tó bá dé Jíbówú l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Bìní, Oníṣà tàbí Àbújá, àwọn obìnrin ni yóò bá lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan ń fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ gbá títì. Àwọn kan ti gbé ìkòkò kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Àwọn mìíràn ń retí mẹ́ruwà tó ń ta omi kí ó ti ọmọlanke rẹ̀ dé, kí wọ́n lè rí omi se ìrẹsì, fọ abọ́, kí wọ́n sì wẹ ọmọ fún ilé ìwé. Bí ọkọ̀ bá ń gbéra, ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá á sáré tẹ̀ lé e. Kí oòrùn tó mú, ọ̀rá yẹn ti wọ gọ́tà, obìnrin mìíràn ni yóò sì gbá a jáde lọ́jọ́ kejì.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ ìwádìí wa lórí obìnrin, ẹ̀kọ́ àti àyíká ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A ń ka iye obìnrin tó jókòó sínú ìgbìmọ̀, iye ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì, iye ilé tó ní ẹ̀rọ omi. Kíkà dára, ṣùgbọ́n kò tíì kan ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí obìnrin kò sí nídìí àbójútó omi àti ìdọ̀tí l'Ékòó. Òun ló ń ṣe é láti àárọ̀ ọjọ́. Ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀ ni ìwé: ìwé ìṣirò, ìwé àṣẹ, ìwé tí a fi ń pinnu ibi tí páìpù yóò gbà. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni láti mú un dé ìdí ìwé yẹn. Ibi tí ẹ̀kọ́ bá a dé, tí ó sì fi í sílẹ̀ sí, ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

Ìtàn Èkó lè jẹ́rìí sí i. Ní 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń gbèrò láti gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ará ìlú, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipẹ Ọbasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó, àwọn obìnrin ọjà náà sì ti ọjà pa. A sábà máa ń ka ìjà yìí sí ìjà owó lásán. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ará Èkó ní kànga nínú àgbàlá wọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ náà yóò ṣe láǹfààní jù. Ta ló mọ kànga tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn àti èyí tí kì í gbẹ bí kò ṣe ẹni tó ń fà á? Ìmọ̀ àyíká wà nínú ìjà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìmọ̀. Ó di ariwo ọjà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Alimọtu Pẹlẹwura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, ní 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un bá ju £50 lọ́dún, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wọ́de títí ìjọba fi gbé ààlà náà lọ sí £200. Agbára yẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó mọ̀wé ló gbọ́dọ̀ bá wọn kọ ẹ̀sùn wọn sí ìjọba. Ọ̀rọ̀ jẹ́ tiwọn, kálàmù jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Àwọn obìnrin tó mọ̀wé rí àlàfo yìí. Charlotte Ọlajumọkẹ Ọbasa, tó dá ọkọ̀ akérò Àǹfàní sílẹ̀ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1910 (orúkọ tó yẹ kí gbogbo ibùdókọ̀ Jíbówú mọ̀), ló darí Lagos Women's League, ẹgbẹ́ tó ń bẹ ìjọba nípa ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin, ìmọ́tótó ìlú àti iṣẹ́ ọba fún obìnrin. Ẹ wo bí wọ́n ṣe so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ṣáájú ká tó máa dá ẹ̀ka ìmọ̀ sílẹ̀ lórí wọn. Oyinkansọla Abayọmi àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó mọ̀wé kó owó jọ kí ilé ìwé girama fún ọmọbìnrin lè wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀wàrà 1927, Queen's College ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 20. King's College ti wà fún àwọn ọmọkùnrin láti 1909. Ọdún 18 ni wọ́n fi ṣáájú.

Ilé ìwé náà wà ní Yábàá báyìí, nítòsí Jíbówú, àrùn àti ìdọ̀tí sì ni ó bí Yábàá tí a mọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn èkúté bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924. Ní 1928 ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀, àjọ tó wó ilé ní erékùṣù tó sì la Yábàá fún àwọn tí wọ́n ṣí nípò. Ayé wòléwòlé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba, nìyẹn. Ọkùnrin ni wòléwòlé, òun ló ń ṣí ìdérí àmù wò. Ìyá ilé ló ni àmù. Bí wòléwòlé bá rí tanwíji nínú rẹ̀, ìyá ilé ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó ń tọ́jú omi ni ẹlẹ́bi, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni aláṣẹ. Ìlànà yìí ṣì ń darí wa, bí a tilẹ̀ ti pààrọ̀ aṣọ wòléwòlé.

A kò lè sọ pé ẹ̀kọ́ kò ṣiṣẹ́. Grace Alele-Williams gba Queen's College kọjá, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó darí yunifásítì kan ní Nàìjíríà nígbà tó dé Bìní ní 1985. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Akọkà ní 1962, ní ọ̀gá àgbà obìnrin àkọ́kọ́ ní 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlaṣade Ogunsọla. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìjókòó obìnrin kan lórí àga kò sọ garawa obìnrin mìíràn kalẹ̀, àṣìṣe ńlá sì ni kí ìwádìí máa fi ọ̀kan díwọ̀n èkejì.

Ọ̀nà tí a ń gbà díwọ̀n gan-an ló yẹ ká yẹ̀ wò. Àjọ WHO àti UNICEF sọ ní 2023 pé nínú ilé mẹ́wàá tí kò ní omi nínú ọgbà, méje ló jẹ́ pé obìnrin tàbí ọmọbìnrin ló ń pọn ọ́n. Wọ́n tún gbà pé ilé kan ní omi tó bójú mu bí omi náà bá wá láti orísun tó dára, tí lílọ, títò àti bíbọ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Gbé òṣùwọ̀n yìí wá sí Jíbówú. Mẹ́ruwà ń gbé omi dé ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pọ̀ jù. Àtẹ á sọ pé kò sí ìṣòro àkókò. Ohun tí àtẹ kò bi ni pé àpò ta ni owó mẹ́ruwà ti ń jáde. Ní ilé púpọ̀, inú owó oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó ni. Bí omi bá wọ́n, ẹran á dínkù nínú ọbẹ̀, tàbí kí owó ìwé ọmọ dúró díẹ̀. Bí a bá sì lọ bi baálé ilé pé báwo ni omi ṣe rí nílé, òótọ́ inú rẹ̀ ni yóò fi dáhùn pé omi wà.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ páìpù lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin: kí ìjọba ṣáà fa omi dé gbogbo ilé. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yẹn, mo sì fẹ́ kó ṣẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ omi Adíyàn láti máa mú 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù jáde lójúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọmọlanke mẹ́ruwà sì wà ní títì títí dòní. Omi kì í dédé mọ ọ̀nà. Ènìyàn ló ń yàn án. Bina Agarwal, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Íńdíà, ṣe ìwádìí lórí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ igbó ní Íńdíà àti Nepal, ó sì rí i pé ibi tí obìnrin bá ti pọ̀ tó nínú ìgbìmọ̀, igbó máa ń sàn jù. Iye wọn ṣe pàtàkì, nítorí obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í lè fọhùn. Ní Kẹ́ńyà, Wangari Maathai gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1971, ó sì fi etí sí ẹdùn àwọn obìnrin oko pé igi ìdáná àti omi ti jìnnà. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Green Belt ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Ẹdùn wọn ló fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti wáyé níbí. Bilikiss Adebiyi-Abiola kàwé ní MIT l'Amẹ́ríkà, ó padà wá sí Èkó, ó sì wà lára àwọn tó dá Wecyclers sílẹ̀ ní 2012. Kẹ̀kẹ́ ń gba ike àti ọ̀rá nílé àwọn ènìyàn, máàkì ń wọlé sórí fóònù, máàkì sì ń di ohun èlò ilé. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ ni àkọsílẹ̀: ìyá tó ń ṣa ike rí iye iṣẹ́ rẹ̀ ní nọ́ńbà.

Ìwádìí kan tún wà tó yẹ ká ṣe kíákíá. Ìjọba Èkó kéde ìfòfindè abọ́ fóòmù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Ní oṣù Agẹmọ 2025 ó kan àwọn ike àlòsọnù mìíràn. Mo fara mọ́ òfin náà, nítorí mo ti rí gọ́tà wa nígbà òjò. Ṣùgbọ́n kí ni olóúnjẹ Jíbówú fi rọ́pò abọ́ yẹn? Èló ló lé lórí àwo ìrẹsì kan? Bí ó bá padà sí abọ́ tí wọ́n ń fọ̀, omi mẹ́ruwà mélòó ló fi kún un? Òfin ìdọ̀tí ti di ọ̀rọ̀ omi nìyẹn, ọ̀rọ̀ omi sì ti di owó ilé ìwé ọmọ.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọkà àti ní Yábàá: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé ìbéèrè wọn ní Yorùbá àti èdè ìgboro, kí wọ́n dé Jíbówú ní aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n bi ẹni tí garawa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àbájáde bá sì jáde, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n gbé e padà lọ kà sí i létí, kó sọ ibi tí wọ́n ti ṣì í gbọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.