Àárẹ̀ ọkàn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì wa ní ìtàn

Ohun tí mò ń kà fún PhD mi báyìí ni àlàáfíà ọkàn àwọn tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú ìwé tí mo rí níbí ń sọ pé kí olùkọ́ máa sinmi, kó máa mí kanlẹ̀, kó ní ìfaradà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e dé Nàìjíríà, ìtàn ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1973, àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Ìjọba Gowon ní kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kó jáde nínú ilé yunifásítì. Ilé tí ìyàwó àtọmọ ń gbé o! Ọdún 1978 ni ASUU bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì kọ́kọ́ jẹ ààrẹ rẹ̀, Biodun Jeyifo, olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò yà mí lẹ́nu. SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ bá sá wá síbi tí àwa náà sá wá.

Àwọn tó kù ló wá gbé ẹrù. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin o, ti ìṣègùn o, ti ẹ̀rọ o, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ṣe Use of English. Ṣé ẹ rántí gbọ̀ngàn yẹn, pẹ̀lú àwọn tó ń dúró lẹ́nu fèrèsé? Àròkọ ò ṣeé fojú fò, ìlà kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń kà. Nígbà tí apá ò ká a mọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì sọ ìdánwò náà di ká yan A, B, C tàbí D. Ẹni tó ń kọ́ni bí a ti ń kọ̀wé ò wá ka ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ń pa ọkàn ju ebi lọ.

Ebi náà sì wà. Ní 2022, ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní February 14, ó parí ní October 14. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó. Ó di October 2023 kí ààrẹ tó fọwọ́ sí sísan owó oṣù 4 nínú rẹ̀. Olùkọ́ kan tó kọ́ mi ta mọ́tò rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìwé ìdánwò tó dúró dè é nígbà tó wọlé padà ò dín kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ Use of English rí kí ẹ tó jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi ní ínbọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ mọ iye ìwé tí ẹ máa ń máàkì ní sáà kan.