Ilé Tí Wọ́n Sunkún Lé Lórí: Ìtumọ̀ Kíkọ́ Tẹ́mpìlì Kejì ní Jerúsálẹ́mù

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí tọ̀nà nípa ààfin, nítorí pé ọba tí ààfin rẹ̀ bá jóná yóò fẹ́ kí èyí tí a tún kọ́ ta ti àtijọ́ yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Júdà padà dé láti ìgbèkùn Bábílónì, tí wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ ilé Olúwa lélẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, ohun tí àwọn arúgbó àárín wọn rí kò bá òwe náà mu. Ilé tó jó ni wọ́n ń tún kọ́, síbẹ̀ ẹwà kò bù sí i lójú wọn. Ẹkún ni wọ́n bú sí.

Kí ni ìtumọ̀ tẹ́mpìlì tuntun fún àwọn ènìyàn tí wọ́n ti pàdánù ti àkọ́kọ́? Bí ilé kejì kò bá dára tó ti ìṣáájú, ǹjẹ́ Olúwa ṣì lè wà níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn náà fún ohun tí ó lé ní 20 ọdún. Ó yẹ kí gbogbo ìjọ tí ó ń kọ́ ilé ìsìn lónìí fara balẹ̀ gbé ìdáhùn rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ilé tí wọ́n pàdánù

Gẹ́gẹ́ bí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí kẹfà ti sọ, tẹ́mpìlì tí Sólómọ́nì kọ́ jẹ́ 60 ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, 20 ìgbọ̀nwọ́ ní ìbú, àti 30 ìgbọ̀nwọ́ ní gíga. Ọdún 7 ni a fi kọ́ ọ. Ní ìwọ̀n òde òní, gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi mítà 27, ìbú rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 9. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ní àwọn ìlú wa ni ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó fà á ni pé a kò kọ́ tẹ́mpìlì náà kí ìjọ ènìyàn lè jókòó sínú rẹ̀. Inú àgbàlá ni àwọn ènìyàn ń dúró sí. Àwọn àlùfáà nìkan ni wọ́n ń wọ inú ilé. Nítorí náà, kì í ṣe iye ènìyàn tí ilé náà lè gbà ni ó fún un ní ìtumọ̀, bí kò ṣe pé Ọlọ́run fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, tí Àpótí Májẹ̀mú sì wà nínú Ibi Mímọ́ Jùlọ. Sólómọ́nì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú àdúrà ìyàsímímọ́ rẹ̀ pé ọ̀run pàápàá kò lè gba Ọlọ́run, áńbèlètasé ilé tí ọwọ́ òun kọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Krístì, àwọn ọmọ ogun Nebukadinésárì ọba Bábílónì dáná sun ilé náà. Ní ayé ìgbà náà, bí a bá ṣẹ́gun orílẹ̀-èdè kan, àwọn ènìyàn a máa gbà pé a ti ṣẹ́gun òrìṣà rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n wòlíì Jeremáyà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé asán ni kí ènìyàn fi tẹ́mpìlì ṣe odi ààbò nígbà tí ó ń ni àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó lára. Nítorí náà, ìṣubú ilé náà kò túmọ̀ sí ìṣubú Ọlọ́run tí ó ni ín. Ìdájọ́ rẹ̀ ni.

Pẹpẹ ni ó ṣáájú

Ní ọdún 539 ṣáájú ìbí Krístì, Kírúsì ọba Páṣíà ṣẹ́gun Bábílónì, lẹ́yìn náà ó sì fún àwọn Júù ní àyè láti padà lọ tún tẹ́mpìlì wọn kọ́. Òkúta alámọ̀ kan tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ní Bábílónì ní ọdún 1879, tí ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Britain ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fi hàn pé irú ìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọba yìí. Òkúta náà kò dárúkọ Júdà, ṣùgbọ́n ó sọ bí Kírúsì ṣe dá àwọn ère padà sí ojúbọ wọn, tí ó sì dá àwọn ènìyàn padà sí ibùgbé wọn. Ìwé Ẹ́sírà ròyìn pé ohun èlò wúrà àti fàdákà 5,400 ni a kó jáde láti Bábílónì pẹ̀lú àwọn tí ń padà bọ̀, àti pé àpapọ̀ àwọn ènìyàn náà jẹ́ 42,360, yàtọ̀ sí àwọn ìránṣẹ́ wọn tí iye wọn jẹ́ 7,337.

Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní oṣù keje, Jéṣúà àlùfáà àti Serubábélì tí ó jẹ́ olórí wọn tẹ́ pẹpẹ sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù àwọn ará ilẹ̀ náà ń bà wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rú ẹbọ sísun ní òwúrọ̀ àti ní àṣálẹ́ nígbà tí a kò tíì fi ìpìlẹ̀ kankan lélẹ̀. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, ṣùgbọ́n ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó san owó fún àwọn agbẹ́kùúta àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, tí wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn ará Sídónì àti Tírè láti kó igi kédárì gba ojú òkun wá sí Jópà.

Ariwo méjì tí ó di ọ̀kan

Ní oṣù kejì ọdún kejì, a fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Àwọn àlùfáà wọ aṣọ oyè wọn, wọ́n fun ìpè. Àwọn ọmọ Léfì lu kíńbálì. Àwọn ọ̀dọ́ tí a bí sí ìgbèkùn hó ìhó ayọ̀, nítorí pé wọn kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn arúgbó tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ilé àkọ́kọ́ sunkún kíkankíkan. Ẹni tí ó kọ ìwé Ẹ́sírà sọ pé àwọn ènìyàn kò lè fi ìró ẹkún mọ̀ yàtọ̀ sí ìró ayọ̀, a sì gbọ́ ariwo náà ní ọ̀nà jíjìn.

Ìwé náà kò bá ẹnikẹ́ni wí nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó hó ayọ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó sunkún náà kò ṣẹ̀. Tẹ́mpìlì tuntun a máa gbé ohun tí a pàdánù àti ohun tí a ń retí wá sí ojú kan náà.

Iṣẹ́ náà dúró

Àwọn aládùúgbò wọn wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wọn kọ́ ọ, pé Ọlọ́run kan náà ni àwọn ń sìn. Serubábélì àti àwọn olórí kọ̀. Ó lè dà bí ẹni pé wọ́n rorò, ṣùgbọ́n Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí kẹtàdínlógún sọ nípa àwọn tí àwọn ọba Asíríà kó wá sí ilẹ̀ náà pé wọ́n bẹ̀rù Olúwa, wọ́n sì tún ń sin àwọn òrìṣà tiwọn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kọ́ ilé náà jẹ́ ọ̀rọ̀ májẹ̀mú, kì í ṣe ti owó tàbí ti ọwọ́ iṣẹ́ nìkan. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, nítorí pé nígbà tí a parí ilé náà, gbogbo ẹni tí ó ya ara rẹ̀ kúrò nínú àìmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè láti wá Olúwa ni ó bá wọn jẹ àsè Ìrékọjá.

Àtakò bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì dúró fún nǹkan bí ọdún 16. Nígbà tí wòlíì Hágáì sọ̀rọ̀ ní ọdún kejì ìjọba Dáríúsì, èyí tí í ṣe ọdún 520 ṣáájú ìbí Krístì, kì í ṣe àwọn ọ̀tá ni ó dá lẹ́bi. Ó ní àwọn ènìyàn náà ń sọ pé àkókò kò tíì tó, síbẹ̀ wọ́n ń gbé nínú ilé tí a fi pákó dáradára bo ògiri rẹ̀ nígbà tí ilé Olúwa wà ní ahoro. Wọ́n gbin púpọ̀, wọ́n kórè díẹ̀; ẹni tí ó gba owó ọ̀yà dà á sínú àpò tí ó lu. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ó jíṣẹ́ yìí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìdáhùn Olúwa sí ẹkún wọn

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje, nígbà àjọ Àgọ́, Hágáì tún dìde. Ní tààrà ni ó béèrè ohun tí ó ń dun àwọn arúgbó: ta ni ó kù tí ó rí ògo ilé àkọ́kọ́, ǹjẹ́ èyí kò ha dà bí asán lójú rẹ̀? Kò tàn wọ́n jẹ pé ilé kejì dára bí ti ìṣáájú. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ alágbára, nítorí pé Olúwa wà pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí májẹ̀mú tí ó bá wọn dá nígbà tí wọ́n jáde láti Íjíbítì, Ẹ̀mí rẹ̀ sì ń gbé àárín wọn. Ó fi kún un pé ògo ìkẹyìn ilé náà yóò ju ti ìṣáájú lọ.

Májẹ̀mú tí a dá lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní Íjíbítì ti wà kí a tó bí Sólómọ́nì. Bí Olúwa bá wà pẹ̀lú wọn ní aginjù nígbà tí ilé rẹ̀ jẹ́ àgọ́, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti wà pẹ̀lú wọn nínú ilé kékeré? Sekaráyà, tí ó sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní àkókò kan náà, kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn ọjọ́ ohun kékeré. Ó ní ọwọ́ Serubábélì tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni yóò parí rẹ̀, àti pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ni yóò ṣe é, kì í ṣe ipá ènìyàn.

Ilé kì í sọ ẹlẹ́ṣẹ̀ di mímọ́

Iṣẹ́ kẹta tí Hágáì jẹ́ kì í sábà jáde lórí pẹpẹ ìwàásù wa, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó le jù. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án, ó bi àwọn àlùfáà léèrè bí òfin ti wí. Bí ẹnìkan bá di ẹran mímọ́ mọ́ etí aṣọ rẹ̀, tí aṣọ náà sì kan oúnjẹ, ṣé oúnjẹ náà yóò di mímọ́? Wọ́n ní rárá. Bí ẹni tí ó di aláìmọ́ nítorí òkú bá fọwọ́ kan oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní yóò di aláìmọ́. Hágáì ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ènìyàn náà àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn rí níwájú Olúwa.

Ìwà mímọ́ kì í ràn bí àìmọ́ ti ń ràn. Ẹni tí ó ń gbé òkúta tẹ́mpìlì kò di mímọ́ nítorí òkúta tí ó gbé. Kíkọ́ ilé Olúwa jẹ́ ìgbọràn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìrònúpìwàdà.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́

Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, Táténáì tí ó jẹ́ gómìnà ẹkùn náà wá béèrè ẹni tí ó fún wọn láṣẹ. A kọ̀wé sí Dáríúsì, a sì rí àkọsílẹ̀ àṣẹ Kírúsì ní Ekibátánà ní ilẹ̀ Mídíà. Ọba wá pàṣẹ pé kí a san owó iṣẹ́ náà láti inú owó orí ẹkùn náà. A parí ilé náà ní ọjọ́ kẹta oṣù Ádárì ní ọdún kẹfà Dáríúsì, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 515 ṣáájú ìbí Krístì.

Sólómọ́nì rú ẹbọ màlúù 22,000 àti àgùntàn 120,000 nígbà ìyàsímímọ́ tirẹ̀. Ní ti ilé kejì, akọ màlúù 100, àgbò 200 àti ọ̀dọ́ àgùntàn 400 ni wọ́n rí mú wá, pẹ̀lú òbúkọ 12 fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀. Òbúkọ 12 yìí dúró fún ẹ̀yà 12 Ísírẹ́lì. Ó ti lé ní 200 ọdún tí àwọn ará Asíríà ti tú àwọn ẹ̀yà àríwá ká, síbẹ̀ àwọn tí ó ṣẹ́kù kò yọ wọ́n kúrò nínú iye. Wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ilé Ísírẹ́lì, wọ́n sì di ìrètí mú fún àwọn tí wọn kò sí níbẹ̀.

Ìwé Ẹ́sírà kò sọ pé ìkùukùu ògo kún ilé náà. Àpótí Májẹ̀mú kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Pompey balógun Róòmù wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Krístì, kò bá ère kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ nínú ilé náà, tí Hẹ́rọ́dù tún ṣe tí ó sì mú gbòòrò lẹ́yìn náà, ni ìsìn ti ń bá a lọ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Krístì tí àwọn ará Róòmù wó o. Ìyẹn lé ní 580 ọdún, ó sì pẹ́ ju ọjọ́ ayé ilé Sólómọ́nì lọ. Títí di òní, àwọn Júù ń gbààwẹ̀ lọ́dọọdún ní ìrántí ìṣubú tẹ́mpìlì méjèèjì. Fún àwa Kristẹni, ibẹ̀ ni Síméónì ti gbé ọmọ ọwọ́ náà Jésù sí apá rẹ̀, tí Ánà wòlíì obìnrin sì dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn Àpọ́sítélì ti ń kọ́ wa pé Krístì ni òkúta igun ilé, àwọn tí ó gbà á gbọ́ sì ni òkúta ààyè tí a fi ń kọ́ ilé ti ẹ̀mí.

Ohun tí ìjọ lè rí kọ́

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ìwọ̀nba ìlú ni a kò ti lè rí ilé ìsìn tí a kọ́ dé ìdajì, tí irin orí òpó rẹ̀ ti dípẹtà. Òmíràn dúró nítorí àìsí owó. Òmíràn dúró nítorí ìjà. Kí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ tó pàdé lórí iye àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí àlùfáà àti ìjọ bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta. Ǹjẹ́ pẹpẹ ti wà ní ìdúró, tí àdúrà àti ìsìn kò dúró de òrùlé? Ǹjẹ́ a fún àwọn arúgbó tí ilé àtijọ́ ń sọ wá sọ́kàn láyè láti sunkún, láìsí pé a pè wọ́n ní ọ̀tá ìtẹ̀síwájú? Ǹjẹ́ opó àti aláìní àárín wa rí ìtura, àbí àwọn ni ẹrù owó ìkọ́lé ń tẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ìjọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí dáradára ti ń kọ́lé ná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ abẹ́ àtíbàbà ni ó ti ń sìn. Ilé ọba tó jó lè ní ẹwà sí i lóòótọ́. Ní ti ilé Olúwa ní Jerúsálẹ́mù, Ẹni tí ó padà wá gbé àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀.