Àyìnlá Ọmọwúrà: Olórin Tí Ó Jẹ́ Òpìtàn

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ìtàn ilẹ̀ Ìbàràpá, ìbáà ṣe ti Igbó-Ọrà tàbí ti Èrúwà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, asunrárà àti onílù ni yóò kọ́kọ́ lọ kí ó tó dé ìdí ìwé ìjọba. Àwọn baba wa ti wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún 1970 sí 1980, àwa olùkọ́ a máa gbàgbé òwe yìí. Ìwé ìròyìn nìkan ni a ń tọ́ka sí. Èrò mi ni pé ó yẹ kí a ka olórin Àpàlà kan mọ́ àwọn òpìtàn ìgbà náà. Olórin náà ni Alhaji Àyìnlá Ọmọwúrà.

Ìtókò ní Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1933. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀, òun pàápàá sì fẹ́ iná ní ilé arọ. Kò rí ilé-ìwé lọ. Ó wa ọkọ̀, ó sì ṣe alápatà kí orin tó di ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Haruna Iṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ti sọ Àpàlà di ohun iyì, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀ ń lọ. Àyìnlá àti Adéwọlé Oníluọlá, olórí onílù rẹ̀, mú un yára, wọ́n sì mú un gbóná.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ayé ti rí nígbà náà. Títí di oṣù Èrelé ọdún 1976, ìpínlẹ̀ kan náà ni Abẹ́òkúta àti Ìbàràpá wà. Àṣẹ ìjọba sì ń já lu ara wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù Igbe ọdún 1972, a pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn: ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ta ni yóò là á yé awakọ̀ àti ìyálọ́jà tí kò mọ ìwé? Àyìnlá fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọrin, ní èdè tí ẹni tí ó wà ní oko àti ẹni tí ó wà ní ọjà gbọ́.

Ní ìparí ọdún 1973 kan náà, ìjọba ka ènìyàn. Àyìnlá kọrin pé kí olúkúlùkù jáde kí a kà á. Iye tí wọ́n kéde lé ní mílíọ̀nù 79, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1975 ìjọba Murtala Muhammed fagi lé e. Ìṣirò náà kú, orin náà kò kú. Nínú rẹ̀ ni a ti lè mọ ohun tí a sọ fún mẹ̀kúnnù àti ìrètí tí a fún un. Ìwé ìjọba kò lè sọ èyí fún wa.

Àwọn kan lè wí pé akéde ìjọba lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a san owó Údòjì fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1975 tí ọjà sì gbówó lórí, ó fi owó náà kọrin pẹ̀lú. Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Ẹnu rẹ̀ mú sí àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀, ìbáwí rẹ̀ sí àwọn obìnrin sì le ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n òpìtàn wo ni kò ní ìhà tí ó kọ sí? Iṣẹ́ wa ni láti wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe láti dà á nù.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Èbìbí ọdún 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ọtí kan ní Abẹ́òkúta láàrin rẹ̀ àti ẹni tí ó ti jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni ó dá a sílẹ̀. A fi ife ọtí lù ú ní orí, ó sì kú. Ilé ẹjọ́ dá ẹni náà lẹ́bi, a sì so ó kọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí wọ́n ra àwo orin rẹ̀ nígbà tí ó jáde ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Nígbà tí ẹ bá lọ sí ilé fún ìsinmi, ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà tàbí ní Lánlátẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orin náírà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwo bá fọ́ tí àgbà sì kú, ibo ni a ó tún ti gbọ́ ọ?