Tourmalet

Ọ̀nà gíga ni Tourmalet, láàárín àwọn òkè Pyrenees ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní mítà 2,115 sókè ìtẹ́jú òkun. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wá láti ìwọ̀-oòrùn yóò kọ́kọ́ bá odò Gave de Pau rìn nínú àfonífojì tóóró dé Luz-Saint-Sauveur. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: nǹkan bíi kìlómítà 19 ni gígun rẹ̀.

Ìdíje Tour de France kọ́kọ́ gbabẹ̀ lọ́dún 1910.

Ìtàn Eugène Christophe, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje náà, ló wọni lára jù. Lọ́dún 1913, nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Tourmalet nínú ìdíje náà, irin tó di táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú kán. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé alágbẹ̀dẹ ní Sainte-Marie-de-Campan, ó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀, nítorí òfin ìdíje nígbà náà kọ ìrànlọ́wọ́. Síbẹ̀, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, torí ọmọdé kan bá a fi ẹwìrì fẹ́ná. Ìyà tí kò tọ́ sí akíkanjú rárá.