Láti Wéré dé Fújì: Orúkọ Tí À Ń Pe Orin

Kí fújì tó di fújì, wéré ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ajísààrì. Orin oṣù ààwẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí a máa lulù kiri àdúgbò lóru, kí àwọn aláàwẹ̀ lè dìde jẹ sààrì. Àárín wọn ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, ti dàgbà sínú orin. Nígbà tí orin náà kúrò lóru ààwẹ̀, tó bọ́ sí òde ìnáwó àti inú àwo, orúkọ àtijọ́ kò gbà á mọ́. Barrister sọ pé ara àwòrán òkè Fuji ilẹ̀ Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, lòun ti mú orúkọ tuntun.

Orúkọ náà ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ gbé olórin wá síbi ìsọmọlórúkọ mọ ohun tí òun ń sanwó fún, ẹni tó ń ta àwo náà sì mọ ibi tí yóò tò ó sí.

Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí sí fújì dáadáa: àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, sákárà Yusuf Ọlátúnjí náà wà níbẹ̀, Barrister fúnra rẹ̀ kò sì fi èyí pamọ́. Ẹni tó bá gba orúkọ gbọ́ jù yóò rò pé orin mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n.

Èyí tó dùn mí jù ni orúkọ tí àwọn òǹtajà fúnni. Ní 1987, àwọn oníléeṣẹ́ àwo pàdé ní ilé ọtí kan ní London, wọ́n fẹnu kò sí "World Music", kí ṣọ́ọ̀bù lè rí pẹpẹ kan to orin ilẹ̀ òkèèrè sí. Ó ta ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n jùjú Sunny Adé wá ń gbé pẹpẹ kan náà pẹ̀lú orin àwọn obìnrin Bulgaria, láìsí ìlù, láìsí èdè tó so wọ́n pọ̀.

Àwọn tó ń fúnni ní Grammy pa orúkọ yẹn tì ní 2020. Ní 2024, wọ́n kọ́kọ́ fi àmì-ẹ̀yẹ kan sọrí orin ilẹ̀ Áfíríkà, Tyla ọmọ South Africa ló sì gbà á. Asake àti Olamide wà lára àwọn tó bá a díje. "Amapiano" ni àkọlé orin tí wọ́n gbé wá, Afrobeats ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe Asake, bẹ́ẹ̀ ègbè fújì ló kún ẹnu àwọn tó ń gberin fún un.