Ìdáàbòbò Kọ́ Ni Ìgbara-ẹni-là: Èdè Òfin Ìbọn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà tọdún 1999 sọ pé bí wọ́n bá mú ènìyàn, kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ fún un, ní èdè tó gbọ́, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un. Abala 36 fi kún un pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Abala méjèèjì fọkàn tán èdè wa pé ó ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò gbé ẹ̀sùn délé. Ní ti ẹ̀sùn olè tàbí ti gbèsè, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ní ti ìbọn gbígbé, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ìdáàbòbò ara ẹni, la fi ń pe ohun méjì tí òfin yà sọ́tọ̀ gédégédé: ìdí tí ènìyàn fi ní ìbọn, àti àwíjàre ẹni tó ti yìnbọn. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan, ẹni tó bá gbọ́ pé òfin fàyè gba ìdáàbòbò ara ẹni yóò rò pé òfin ti fàyè gba ìbọn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun nìyẹn. Èrò mi ni pé kí a fún èkejì ní orúkọ tirẹ̀: ìgbara-ẹni-là.

Kò yani lẹ́nu pé àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ń ronú ìbọn. Láàárín ọdún 2016 sí 2017, àwọn apààyàn tí a mọ̀ sí Badoo ń wọlé onílé lóru ní Ìkòròdú, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí ìdílé lójú oorun. Lọ́dún 2016 kan náà ni wọ́n jí ọmọbìnrin mẹ́ta gbé ní ilé ẹ̀kọ́ Babington Macaulay ní Ìkòròdú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà ní Model College Igbónlá, ní Ẹ̀pẹ́, ó sì lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó gba ìdáǹdè. Ẹni tó gbé irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá, tó wá ní òun wá ìbọn láti fi dáàbò bo ara òun, Yorùbá tó gún régé ló sọ. Ìdáàbòbò ni ohun tí à ń ṣe kí aburú tó dé: à ń mọ odi, à ń sin ajá, à ń gba ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n Òfin Ìbọn tọdún 1959 kì í kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni pé kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe. Làìsẹ́ńsì ló ń bèèrè. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn pélébé gbogbo, Ààrẹ nìkan ló lè yọ̀ǹda wọn. Ìbọn ọdẹ tòyìnbó tí à ń gbé tì éjìká, ọwọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni làìsẹ́ńsì rẹ̀ wà. Ṣakabùlà tí à ń rọ ẹ̀tù sí lẹ́nu náà ní làìsẹ́ńsì tirẹ̀. Ẹ wò ó ná: ìbọn pélébé, tí ẹni tó ń bẹ̀rù ajínigbé máa ń fẹ́ jù nítorí ó ṣeé fi sápò, òun gan-an ni òfin kó pọ̀ mọ́ àgbá àti bọ́ǹbù. Òfin ìdigunjalè àti ìbọn sì ní kí ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní làìsẹ́ńsì san ìtanràn 20,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí kó gba méjèèjì. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àfi bí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ìgbara-ẹni-là kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí ewu bá ti dé ọrùn. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ti ń lò láti ọdún 1916, tí òfin Èkó òde òní náà kò sì yà kúrò nínú ìlànà rẹ̀ lórí èyí, sọ pé ẹni tí wọ́n kọlù, tí kò tọ́jà, lè lo ìwọ̀n agbára tó bá tó láti fi gba ara rẹ̀. Bí ìkọlù náà bá jẹ́ èyí tó mú kó bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, tí kò sì rí ọ̀nà mìíràn, òfin kò ní dá a lẹ́bi bí ẹni tó kọlù ú bá tilẹ̀ kú. Àwọn kan ń pe èyí ní ìgbèjà ara ẹni. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìjà wà nínú ìgbèjà, ẹni tó ń jà sì lè máa jà lọ lẹ́yìn tí ọ̀tá ti kẹ́yìn sá. Ẹni tó yìnbọn bá olè lẹ́yìn níbi tó ti ń sá lọ lè ní òun gbèjà ara òun. Kò lè ní òun gba ara òun là, nítorí ó ti là kó tó yìnbọn. Ẹni tó sì gba ara rẹ̀ là lóòótọ́, tí kóòtù dá a sílẹ̀ lórí ikú olè, ẹ̀sùn ìbọn tí kò ní làìsẹ́ńsì ṣì ń dúró dè é.

Ìbẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá tí mo dárúkọ yẹn náà ní ààlà. Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí ìbẹ̀rù tó bọ́gbọ́n mu, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé lẹ́yìn, torí kò sẹ́ni tí ẹ̀rù ń bà tó ń dúró wọn ọgbọ́n. Ìbẹ̀rù tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni kí ògbufọ̀ máa wí. Nígbà tí jìnnìjìnnì Badoo gbòde lọ́dún 2017, èrò lu apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó bá a rìn pa ní Odogunyan, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Ẹ̀rù ń ba èrò náà lóòótọ́, àmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá: àwọn tí wọ́n pa kò kọlu ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń kó bá ni ni níní. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé, “Wọ́n ní o ní ìbọn,” olùjẹ́jọ́ lè dáhùn tọkàntọkàn pé, “Rárá o, ti ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀ ni.” Kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, torí òfin kò wá ẹni tó ni ín, ẹni tí ìbọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló ń wá. “Wọ́n bá ìbọn ní ìkáwọ́ rẹ” ló yẹ kó gbọ́. Ní ti làìsẹ́ńsì, èmi á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìwé àṣẹ dùn létí, ṣùgbọ́n baálẹ̀ lè kọ ìwé àṣẹ, olórí ọdẹ lè kọ ọ́, alága ẹgbẹ́ onílé náà lè kọ ọ́ fún ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, kò sì sí èyí tó jẹ́ làìsẹ́ńsì nínú wọn.

Wọ́n á ní ìgbàlà ti di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìgbara-ẹni-là á máa dún bí ìwàásù. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa bí a ṣe ń gba ọmọ là lọ́wọ́ iná. Wọ́n tún lè ní kí a kúkú máa wí sẹ́ẹ̀fù difẹ́ńsì bí àwọn lọ́yà. Mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba làìsẹ́ńsì wọlé ni. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ni làìsẹ́ńsì ń pè. Sẹ́ẹ̀fù difẹ́ńsì ń kó ìdàrúdàpọ̀ bọ̀ láti ilé, torí Òyìnbó náà ń fi í pe ìbọn tó wà nípamọ́ àti ìbọn tó ti dún. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kò lè dá ajínigbé dúró, pé ọlọ́pàá kì í tètè dé, pé gbogbo àlàyé yìí ń tú aláìṣẹ̀ ní ìhámọ́ra ni. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yí òfin padà, kí ìdáàbòbò di ìdí tó tó láti fún ni ní làìsẹ́ńsì ìbọn pélébé, kò lè bèèrè fún un bó bá rò pé òun ti ní i tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí ní aṣáájú. Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde lọ́dún 1984, ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin lédè mẹ́rin sì jáde lọ́dún 1991. Ọ̀mọ̀wé ni ti àkọ́kọ́ wà fún, aṣòfin ni ti èkejì. Ó yẹ kó kan ẹni tó dúró níwájú káńtà àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin ògbufọ̀ kóòtù Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ má dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Bí wọ́n bá tún kó ẹ̀sùn ìbọn tó wà ní ìkáwọ́ àti ti ìbọn yíyìn lé ẹnì kan lórí, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, kó tó sọ bóyá òun jẹ̀bi.